Orúkọ Mẹ́ta, Ilẹ̀ Kan

Kọ̀ńdọ́ tó bá ń pe èrò ní Máìlì Kejìlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. “Owútù, Agric! Agric wọlé! Ẹ mú ṣéńjì yín lọ́wọ́ o!” Ó tán. Ọkọ̀ á kọjá Majídùn, á kọjá Ogólóńtò, bí ó bá dé ibi tí èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé “Ó wà o!”, Agric nìyẹn, ìgboro Ìkòròdú ṣì kù díẹ̀ níwájú. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í béèrè ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí.

Èmi máa ń rò ó, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti Yorùbá pátápátá. Lọ́jà, adìẹ agric ni èyí tó ń tètè sanra, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún mọ́tò. Ti ìbílẹ̀ ló ní eegun líle, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń ta sánsán. Ẹyin agric wà, àgbàdo agric wà. Nílé-ìwé, agric ni orúkọ iṣẹ́ tí tíṣà fi ń rán wa lọ ro oko tirẹ̀. Ohunkóhun tí Yorùbá bá ti pè ní agric, ohun tó ń sọ ni pé ìjọba ti dá sí i, ọ̀mọ̀wé sì ti fọwọ́ kàn án kí ó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Yàrá ìwádìí, àṣẹ ìjọba àti ọjà, gbogbo wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ìtàn bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gbìyànjú láti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ti gidi, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, Ìbàdàn sì ni wọ́n ń wò fún àṣẹ. Ìbàdàn ìgbà yẹn ní ìṣòro kan tó dùn ún ní. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti ń tú ọmọ jáde nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tú eṣú sóko, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì tó wọn. Olóyè Akin-Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo bí àwọn ará Ísírẹ́lì ṣe ń ṣe abúlé àgbẹ̀ tiwọn, wọ́n sì gbé irú rẹ̀ wálé: ìjọba á ṣán igbó, á kọ́lé, á pín oko fún ọ̀dọ́ tó ti kàwé díẹ̀. Odógúnyán ní Ìkòròdú ní irú oko bẹ́ẹ̀, Farm Settlement ni wọ́n sì ṣì ń pè é dòní. Ètò náà gbówó lórí gan-an, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ sí irú oko bẹ́ẹ̀ kò sì dúró. Wọ́n ti mọ̀wé, wọ́n sì ti rí i pé akọ̀wé tó jókòó sábẹ́ fáànù kì í fọwọ́ pa igbó. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ni èrò kan tí kò kúrò lọ́kàn àwọn aláṣẹ Èkó mọ́: bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti oko, ẹ gbé e lọ sí Ìkòròdú.

Ní 1977, ọdún kan náà tí ìjọba àpapọ̀ dá NBTE sílẹ̀ láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọwọ́, ìjọba ológun Èkó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lagos State College of Science and Technology ni wọ́n sọ ọ́, ẹnu sì gé e kúrú sí LACOSTECH. Òfin rẹ̀ jáde ní 1978, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà 1977 ni kí wọ́n ti máa ka ọjọ́ orí rẹ̀, bí ẹni bímọ tán tó wá lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí lẹ́yìn.

Oṣù kìn-ín-ní 1978 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní àyè onígbà díẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀ka márùn-ún ló wà: ìṣirò owó, ìṣàkóso òwò, adójútòfò, ìpolówó ọjà, iṣẹ́ akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Sáyẹ́ǹsì dà? Ìmọ̀ ẹ̀rọ dà? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ ọmọ yìí lórúkọ, Èkó tí wọ́n ń fẹ́ lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n wò. Mi ò bá wọn wí. Owó epo ń wọlé nígbà náà, báńkì ń la ẹ̀ka káàkiri, oníṣirò àti akọ̀wé ni wọ́n sì ń wá lójú méjèèjì. Àga, tábìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Sáà 1978/79 ni nǹkan yí, ẹ̀yìnkùlé ló sì gbà wọlé. Wọ́n dá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀ka yìí kò sì ṣeé fi sí Ìsọlọ̀, nítorí a kì í gbin àgbàdo sórí kọnkéré. Wọ́n gbé e lọ sí Ìkòròdú. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá rán àbíkẹ́yìn lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà lóko. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílùú, wọ́n ń gbọ́ ariwo mọ́tò. Òun wà níbi tí ilẹ̀ wà. Ta ló mọ̀ nígbà náà pé ọ̀dọ̀ ọmọ oko yẹn ni gbogbo ẹbí ń bọ̀ wá kó sí? Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Ìsọlọ̀ àti ọgbà wọn kejì ní Sùúrùlérè fún wọn mọ́ra, ojú ọ̀nà Ṣágámù ní Ìkòròdú sì di olú ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀pẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Lateef Jakande, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ní, dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní 1983, Ọ̀jọ́ ni orí rẹ̀ wà, létí ọ̀nà Badagry. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ẹnjiníà LASU wá fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ náà sì bá a níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́, ìlú ẹlẹ́ja, ìlú ọ̀sà, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ ẹja ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ló wá di ilé àwọn tó ń kọ́ nípa irin àti iná mànàmáná. Bí ẹ bá fi ẹ̀ka tí wọ́n ń gbé jáde wéra, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú méjèèjì: ohun tó bá ń fẹ́ àyè, Èkó á gbé e jáde nílé, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ẹ̀yìn odi. Wọn kò ṣe é nítorí pé wọ́n fẹ́ kí Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ dàgbà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ní 1986 ni orúkọ kejì dé. Mike Akhigbe, ọmọ ogun ojú omi tó jẹ́ gómìnà ológun, kéde pé LACOSTECH ti di Lagos State Polytechnic. LASPOTECH lórí ìwé, Poly lẹ́nu ará ìlú. Tèmi ni pé orúkọ yìí bá ọmọ náà mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ ni Poly ń kọ́ ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe OND fún ọdún méjì, á jáde lọ ṣe IT fún ọdún kan gbáko níbi iṣẹ́, kí ó tó padà wá ṣe HND ọdún méjì.

Ọdún IT yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. ITF, àjọ tó ń rí sí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ti wà láti 1971. Ní 1973 ló bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa lọ sí iléeṣẹ́ fi ojú rí ohun tí ó ń kà. Nínú gbogbo afárá tí ìjọba ti gbìyànjú láti gbé kọjá láti kíláàsì sí ọjà, èyí ló rọrùn jù, òun náà ló sì pẹ́ jù. Kò gba ilé ńlá, kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ọmọ ogún ọdún kan á lọ bá olóko adìẹ, á máa kó ìgbẹ́ adìẹ láàárọ̀, á máa ka ẹyin, á máa kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Olóko á rí i pé ọmọ yìí mọ iye oúnjẹ tó yẹ adìẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ náà á rí i pé olóko mọ adìẹ tó fẹ́ ṣàìsàn kí ó tó ṣe é. Àwọn méjèèjì á fi nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn nínú wọn, tíì ni wọ́n ń lọ ra fún ọ̀gá títí ọdún fi parí. Bí ó ti wù kí ó rí, ọdún kan ni.

Ẹ̀sùn tó lágbára jù lọ sí Poly kò ti inú oko wá rárá, inú ọ́fíìsì ìjọba ló ti wá. Ẹni tó ní HND kì í kọjá ipele 14 nínú iṣẹ́ ọba, ẹni tó gba oyè fásitì ń bá tirẹ̀ lọ sókè. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń jà sí i, nínú ìpàdé, nínú ìwé ìròyìn, lójú títì. Òbí tó bá ní agbára á ní ọmọ òun kò ní lọ sí Poly. Nígbà tí èébú bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí orúkọ, gómìnà tó bá yí orúkọ padà á gbayì.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìkòròdú sílẹ̀ díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní 1862, láàárín ogun abẹ́lé wọn, Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin kan tó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ ìjọba kí wọ́n fi owó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wà, àgbẹ̀ kò yí padà. Ní 1887, òfin mìíràn fi oko ìwádìí kún un. Ìwádìí wà, àgbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ó di 1914 kí òfin kẹta tó dé, èyí tó ń sanwó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa rìn láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti oko, kí ó máa kó ìbéèrè lọ, kí ó máa kó ìdáhùn bọ̀. Ọdún 52 ló wà láàárín òfin àkọ́kọ́ àti ìkẹta.

Yorùbá kò jìnnà sí ìtàn yẹn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Yunifásítì Wisconsin, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí òfin Lincoln ràn lọ́wọ́, wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1964 láti bá wọn gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ dúró. Ní 1969, Ifẹ̀ mú àwọn abúlé tó yí Isoya ká, wọ́n sì ń fi ìwádìí wọn ṣiṣẹ́ láàárín àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni yóò kú sí. Ní Ìbàdàn, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ọmọ Kòríà kan, Sang Ki Hahn, débẹ̀ ní 1971, ó kojú àrùn mosaic tó ń mú ewé ẹ̀gẹ́ ká kò, ó sì bí irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS 30572. Ẹ̀gẹ́ yìí kò kú, ó sì ta púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbígbé irú ẹ̀gẹ́ jáde ní yàrá ìwádìí kò ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe àgbàdo tí ènìyàn lè di sínú àpò kékeré. Igi rẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn, igi náà wúwo, kì í sì pẹ́ kí ó tó gbẹ. Ẹnì kan ní láti kó o sínú ọkọ̀ lọ bá àgbẹ̀, àgbẹ̀ náà ní láti gé tirẹ̀ fún aládùúgbò. Bí ó ṣe tàn ká nìyẹn. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn jẹ Sẹ̀ríkí Àgbẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ọba fi joyè nítorí owó tàbí ipò. Ẹni tí wọ́n fi joyè nítorí ẹ̀gẹ́, ó ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìkòròdú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin méjì. Ọ̀kan so kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni Oto-Ijanikin pọ̀ mọ́ ti Noforija ní Ẹ̀pẹ́, èyí tí wọ́n fi sọrí Michael Otedọla, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó jẹ gómìnà láàárín 1992 sí 1993. Àwọn méjèèjì di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Èkejì sọ Poly di Lagos State University of Science and Technology, LASUSTECH. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúmúyìwá Odùsànyà, oníṣègùn tó mọ̀ nípa ìlera àwùjọ, ni gíwá àkọ́kọ́. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ yẹn. “Science and Technology” tí wọ́n yọ kúrò ní 1986 ti padà dé, ọdún 36 lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ilé kún: ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wà, ẹ̀kọ́ nípa ilé kíkọ́ wà, ọmọ oko àtijọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Owó ìwádìí náà ti ní ojú ọ̀nà tí ó ń gbà wá. Láti 1993 ni òfin ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa yọ nínú èrè wọn fún ẹ̀kọ́, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó wá di TETFund ní 2011. Ìjọba Èkó pẹ̀lú dá LASRIC sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń fi owó ti olùṣèwádìí àti ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ lẹ́yìn. Ohun tó kàn mí lóminú ni ọdún IT. Ní ọ̀pọ̀ fásitì, oṣù mẹ́fà ni SIWES sábà máa ń jẹ́. Bí Poly ti di fásitì yìí, tí ọmọ inú rẹ̀ sì ń gba ìwé ẹ̀rí tí ọ́fíìsì kò lè fojú rénà mọ́, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà yòókù ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ṣe ìwọ́de lójú títì nítorí ìyẹn.

Àyíká ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sì dúró dè é. Iléeṣẹ́ irin àti ọṣẹ ló yí i ká ní Ìkòròdú. Ilé-iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin, tí wọ́n ṣí ní 1985, wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀dẹ́, mẹ́gáwáàtì 1,320 ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọ̀pọ̀ ilé ní Agric sì ń lo jẹnẹrétọ̀. Ní apá Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ tó jẹ́ igbó lánàá ti di Alaro City. Yaba Tech ní ọgbà sí Odoragunsin. Àwọn Àgùdà dá Yunifásítì Augustine sílẹ̀ ní Ìlárá ní 2015, Fẹ́mi Otedọla ọmọ Michael ló sì dáwọ́ lé kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà fún wọn. Bí ẹ bá tún rìn díẹ̀ sí gúúsù, iléeṣẹ́ ìfọ-epo Dangote ni, tí ó lè fọ àgbá epo 650,000 lóòjọ́, pẹ̀lú èbúté ọkọ̀ ojú omi Lẹ́kkí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Ààrẹ Bùhárí ṣí èbúté yẹn. Ọjọ́ kan náà ló ṣí iléeṣẹ́ ìrẹsì Èkó ní Imọta, nínú ẹkùn Ìkòròdú. Èkó ti ń wá ìrẹsì tirẹ̀ tipẹ́: ní oṣù Kejìlá 2016, Akínwùnmí Ambọ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Kebbi da ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì gbé LAKE Rice jáde; Kebbi ń gbìn, Èkó ń jẹ. Imọta ni àṣekún rẹ̀. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, ìjọba sì ní àpò oníkílò 50 mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ ló lè tẹnu rẹ̀ jáde lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, bí tíṣà agric ṣe ń ṣe. Àpò yẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 140,000 ìrẹsì tí a ti bó. Bí a bá bó ìrẹsì eléèpo, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń kù. Nítorí náà ẹ̀rọ náà á jẹ ju tọ́ọ̀nù 200,000 eléèpo lọ lọ́dún. Àgbẹ̀ wa sábà máa ń rí bíi tọ́ọ̀nù méjì lórí hẹ́kítà kan. Ó ti di hẹ́kítà 100,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a bá ka ilé, títì, ọ̀sà àti itẹ́ òkú mọ́ ọn, kò pé hẹ́kítà 360,000. Ìjọba mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni ìrẹsì eléèpo yóò ti máa wá.

Bí hẹ́kítà kan bá lè mú tọ́ọ̀nù mẹ́rin jáde, ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń béèrè á dín sí ìdajì. Irú ìrẹsì tó lè ṣe é wà. Badeggi ní Ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Omi ni ó ń fẹ́, àti ajílẹ̀ lásìkò, àti ẹni tí yóò jí lọ sí àbàtà láàárọ̀ láti fi han àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ gbìn ní ìlà. Ẹni yẹn ni àgbẹ̀ ń pè ní ará agric.

Tírélà tó bá ń kó ìrẹsì bọ̀ láti Òkè Ọya, ọ̀nà Ṣágámù ló sábà máa ń gbà wọ Ìkòròdú. Ẹnubodè LASUSTECH ni yóò kọ́kọ́ kọjá kí ó tó dé Imọta.